Bàtà Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀

Bàbá mi, onídùùrù mi àtàtà,

Wọ́n ti gbà fún yín. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù keje, aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ ó jókòó sí ìdí dùùrù ńlá inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn ní Amsterdam, ẹ ó sì tẹ̀ ẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin tó ń tẹ dùùrù wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà náà. Ó ní inú òun dùn láti gba àgbà tó ti tẹ dùùrù fún ogójì ọdún ní Ìbàdàn lálejò. Ó ní kí ẹ jọ̀wọ́ mú bàtà tí ẹ kì í wọ̀ rìn níta dání, nítorí igi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nídìí dùùrù náà ti gbó, wọn kò sì fẹ́ kí iyanrìn hó o lára.

Mo ka ibi ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì korò lẹ́nu mi. Ta ló fẹ́ kọ́ ẹ̀yin ní ọ̀rọ̀ bàtà? Òyìnbó yìí kò mọ̀ pé oṣù kejì ọdún yìí ni ẹ ti kú, pé nígbà tí mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí i ní òpin oṣù kẹta, ẹ ti wà nínú ilẹ̀. Èmi náà kò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé ẹ ti kú, àfi èmi ọmọ yín àti onídùùrù kan ní Amsterdam.

Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí. Mo ti gbé àwọn ọmọ dé ilé-ìwé, mo ti páàkì sí ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn bọ́ọ̀sì ilé-ìwé sí nítòsí Greenbelt, ní Maryland níbí, ó sì ku bíi wákàtí mẹ́ta kí n tó padà lọ kó wọn. Àwọn awakọ̀ yòókù ti na ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n ń sùn. Mo mọ̀ pé ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ gba ti iṣẹ́ yìí. Ẹ máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé ọmọ yín wà ní ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Irọ́ kọ́, òótọ́ tó wọ agbádá ni. Mo máa ń jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀, nítorí inú yín máa ń dùn tí ẹ bá sọ ọ́.

Ṣé ẹ rántí kàlẹ́ńdà yẹn? Èyí tí àlùfáà òyìnbó kan fún yín kí n tó wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọdún rẹ̀ parí, ẹ gé àwòrán oṣù kẹwàá jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ lókè dùùrù kékeré yín: ṣọ́ọ̀ṣì gíga kan, ilé tóóró tóóró tí wọ́n fara ti ara wọn, omi tí wọ́n gbẹ́ gba àárín ìlú níbi tó yẹ kí títì wà. Àwòrán kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ máa ń fi ìka tọ́, dùùrù inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí ọ̀pá fèrè rẹ̀ ga kan àjà. Ẹ ní kí ojú yín tó dí, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀. Láràárọ̀ ni à ń gbọ́ ọ tí ẹ bá ń mu ògì. Ìyá mi máa ń sọ fún àlejò pé àwọn kò tètè mọ̀ pé dùùrù ni ìyáálé àwọn nílé yìí.

Ní oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí mo ti gba páálí Amẹ́ríkà, mo pè yín. Mo ní kí ẹ wá wò mí. Mo ní ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ó wọ̀ láti Èkó yóò balẹ̀ sí Amsterdam, èmi yóò ti wá dúró dè yín níbẹ̀, a ó lo ọjọ́ mẹ́ta, kí a tó jọ máa bọ̀ ní Maryland. Ẹ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan dùùrù náà. Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí mo gbọ́ lẹ́nu yín, tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n yọ ìju kúrò nínú ilé ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ kú. N kò mọ̀. Mo dùbúlẹ̀ sílé mi ní Riverdale, ara mi ń jinná díẹ̀díẹ̀, mo sì ń pète bí a ó ṣe lọ. Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ yá ìwé méjì nípa ìlú náà ní ilé ìkàwé. Ibẹ̀ ni mo ti rí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì náà. Mo ya máàpù sínú ìwé pélébé kan. Nítorí orúnkún yín, mo ka iye afárá tí a ó gùn láti ilé ìtura dé ṣọ́ọ̀ṣì: mẹ́ta tí a bá gba iwájú, márùn-ún tí a bá gba ẹ̀yìn. Síbẹ̀ mo mú ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí mo kà á pé ní ọ̀nà iwájú, nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì náà, àwọn obìnrin a máa jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú aṣọ tí kò tó aṣọ, tí wọ́n ń pe ọkùnrin. Mo mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ ó dúró, ẹ ó ṣí fìlà, ẹ ó sì bi wọ́n bóyá òtútù kò mú wọn. Mo wá ilé ìtura tó ní yàrá nísàlẹ̀, torí àtẹ̀gùn ilé ìlú yẹn dúró ṣánṣán bí àkàbà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí dé ibi tí a ó ti jókòó sinmi lẹ́yìn afárá kẹta.

Mo tún kà á pé òkúta ibojì ni gbogbo ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ń sin àwọn èèyàn wọn sí láyé àtijọ́, orí wọn sì ni àwọn tó wọlé ń rìn. Ẹ̀yin kì í tẹ ibojì. Mo pe Bọ̀dá Káyọ̀dé, àkọ́bí yín tí ẹ jọ ń gbé, pé kí wọ́n bi yín bóyá ẹ ó lè rìn lórí rẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó kúrò nídìí fóònù, mo gbọ́ ọ tó padà wá. Wọ́n ní ẹ sọ pé kò burú, pé ẹ ó máa rọra tẹ̀ ẹ́. Bàbá, ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin yín nìyẹn. Ọ̀dọ̀ ta ni Bọ̀dá lọ? Ṣé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n kàn lọ dúró sí, tí wọ́n ń wo ògiri, títí àkókò tó yẹ kí èèyàn fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ fi pé?

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe mí kiri. Tí mo bá pè, ẹ ti sùn. Tí mo bá tún pè, ẹ lọ kọ́ àwọn akọrin. Ẹ wà ní balùwẹ̀. Físà yín ti ń jáde bọ̀. Ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín, dókítà ní kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ọ̀fun wo ló ń dun èèyàn fún oṣù mẹ́ta? Ẹ má bi mí bóyá n kò fura. Mo fura. Mo kàn ń lé ìfura náà jáde nílé ni, tí mo sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní oṣù kẹrin, onídùùrù náà fèsì pé òun ń bá àwọn àgbà ìjọ sọ ọ́, kí n fi orin tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ránṣẹ́. Mo sọ fún Bọ̀dá. Lẹ́tà wọn dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nọ́ńbà orin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, láti inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pè é tí àwọn fi kọ ọ́. Mo ṣí ìwé orin mi. Ẹ kò fẹ́ràn orin kejì yẹn rí. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó kọ ohùn rẹ̀ ń tòògbé lọ́wọ́. Mo wò ó, mo tún un wò, mo ní bóyá ọjọ́ ogbó ti jẹ́ kí ẹ foríjì í. Mo ṣe ẹ̀dà ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tò wọ́n bí Bọ̀dá ṣe tò wọ́n, mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí Amsterdam.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù karùn-ún, lọ́sàn-án, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Bàbá ìjọ kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún níbí ni, pẹ̀lú ìyàwó wọn, àti obìnrin kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá Bọ̀dá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àwọn mẹ́ta, nínú aṣọ Àìkú lọ́jọ́ Sátidé. Wọn kò pè mí kí wọ́n tó wá, bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, èèyàn kì í yà sílé èèyàn láìkọ́kọ́ pè. Mo ń din dòdò lọ́wọ́. Ìyá náà kò tilẹ̀ kí mi tán tí wọ́n fi kọjá sí kíṣìnnì mi, wọ́n pa iná sítóòfù, kí wọ́n tó wá jókòó. Nígbà tí mo rí i pé wọ́n pa iná yẹn, mo ti mọ̀.

“Sístà, ẹ jókòó first,” ni bàbá náà wí. “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.”

Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún mi kí wọ́n tó gbàdúrà. Wọ́n gbàdúrà. Nígbà tí wọ́n ṣe àmín tán, wọ́n ní ẹ ti sùn nínú Olúwa. Mo béèrè pé ọjọ́ wo. Wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, wọn kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn. Obìnrin kejì ló wá sọ pé oṣù kejì. Mo kà á lórí ìka mi níwájú wọn bí ọmọ jẹ́léósinmi, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ gbé mi, ìtìjú ni. Ojú tì mí nítorí gbogbo afárá tí mo ti ń kà sí Bọ̀dá létí láti Riverdale.

Lọ́jọ́ kejì mo pe Bọ̀dá, mo sọ ohun tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní ojú abẹ mi kò tíì jinná nígbà yẹn, èmi nìkan ni mo ń gbé, ta ni ìbá dì mí mú? Wọ́n ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé sọ lórí fóònù, ẹni tí yóò wá bá mi nílé ni àwọn ń wá, ẹni tí àwọn lè fọkàn tán ni àwọn kò sì tètè rí. Mo ní wọ́n sin yín, wọn kò pè mí. Mo ní kí wọ́n wo ojú ara wọn nínú dígí. Nígbà náà ni wọ́n sọ èyí.

“Bàbá ló ní ká má tíì sọ fún ẹ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti sọ ọ́.”

Ṣé lóòótọ́ ni? Mo ti bi yín léraléra nínú bọ́ọ̀sì yìí. N kò lè rí ìdáhùn gbà, Bọ̀dá sì mọ̀ pé n kò lè rí i gbà. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ó jọ yín.

Mo wà ní kíláàsì karùn-ún, mò ń gbé nílé-ìwé, nígbà tí Ìyá mi kú. Ìdánwò wa ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ wá lọ́jọ́ ìbẹ̀wò, ẹ gbé ẹran díndín wá nínú abọ́ tí Ìyá mi máa ń lò. Ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ fá irùngbọ̀n, ẹ jókòó tì mí lábẹ́ igi máńgòrò, ẹ ń bi mí ní ìṣirò. Mo béèrè ìyá mi. Ẹ ní wọ́n ń kí mi. Wọ́n ti sin wọ́n lọ́jọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, ẹ jókòó níbẹ̀, ẹ sì ń fi ìka gbọn èérún ẹran kúrò lára ìwé mi. Mo ṣe dáadáa nínú ìdánwò náà, ẹ fi èsì rẹ̀ hàn kiri. Láti ìgbà náà n kò jẹ ẹran díndín mọ́. Ẹ kò bi mí ìdí rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ẹ rí i.

Nítorí náà ẹ má jókòó síbẹ̀ kí ẹ máa rò pé Bọ̀dá nìkan ni mo ń bínú sí. Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ìyókù náà. Ẹ kọ́ ọmọkùnrin mẹ́jọ ní dùùrù nínú ìjọ yẹn. Ẹ tilẹ̀ gbìyànjú Bọ̀dá, tí etí wọn kò mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ti ìsàlẹ̀. Èmi, yíyí ìwé ni ẹ fi fún mi. Ọdún méje ni mo fi dúró lọ́wọ́ òsì yín lọ́jọ́ Àìkú, tí mo ń ṣọ́ orí yín. Tí ẹ bá ti mi orí, mo yí i. Mo mọ gbogbo orin yín dé ibi tí ojú ewé parí sí, n kò sì lè tẹ ẹyọ kan nínú wọn. Èmi náà ni mò ń gbé bàtà yín. Bàtà dúdú aláwọ fẹ́lẹ́ yẹn, nínú àpò aṣọ tí Ìyá mi rán. Ẹ ó jókòó tán sórí àga dùùrù kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ó sì bọ́ ọ kí ẹ tó dìde. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ kékeré mi bọ̀ ọ́, tí mo sì fi rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ nà mí. Ẹ kò nà mí rí ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ kò sì nà mí mọ́.

Nígbà tí Bọ̀dá wá béèrè ohun tí mo fẹ́ nínú ẹrù yín, mo ní bàtà yẹn ni. Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ló bá mi gbé e, mo sì lọ gbà á nílé rẹ̀ ní Brandywine lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ṣì wà nínú àpò Ìyá mi. Wọ́n ki ìwé bọ inú ẹsẹ̀ méjèèjì. Ti ọ̀tún jẹ́ ìwé pélébé tí Bọ̀dá kọ, kò ju ìlà méjì lọ. Wọ́n ní àwọn tó wọṣọ fún yín fẹ́ fi bàtà náà sí yín lẹ́sẹ̀, àwọn kọ̀, nítorí kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Mo jókòó sínú mọ́tò mi níwájú ilé onílé, mo sunkún. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàbá Bọ̀dá náà ni yín.

Ti òsì ni ìwé ètò ìsìnkú yín. Fọ́tò yín wà níwájú rẹ̀, èyí tí ẹ ti di táì tó wọ́. Mo ṣí i. Orin ìwọlé, orin kejì, orin ìkẹyìn. Mo mọ àwọn nọ́ńbà náà. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ wọ́n ránṣẹ́ sí Amsterdam, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra wọn gẹ́lẹ́, pẹ̀lú orin atòògbé yẹn láàárín.

Kí ni Bọ̀dá ń ṣe? Ṣé ìwé ètò náà ló wà lórí tábìlì nígbà tí wọ́n ń kọ lẹ́tà, tí wọ́n kàn da nọ́ńbà kọ nítorí pé wọn kò mọ orin mìíràn? Àbí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi ni, ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà, tí èmi tí mo mọ orin yín dé ojú ewé kò sì gbọ́? Mo ra káàdì ìpè, mo pè wọ́n, mo bi wọ́n. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. A wà bẹ́ẹ̀ títí obìnrin inú káàdì fi sọ pé ìṣẹ́jú kan ló kù, títí ó fi gé.

Lẹ́tà òní wá bá mi pẹ̀lú gbogbo èyí lọ́kàn. Onídùùrù náà ní kí n tètè fèsì bóyá ọjọ́ náà rọ̀ yín lọ́rùn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ tiyín yìí, tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un, pé bàbá mi ti kú, pé kó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tí kò tó ìlà kan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Mo tún wo lẹ́tà rẹ̀, mo rí i pé ọwọ́ tó kọ ọ́ ń gbọ̀n, àgbàlagbà ni òun náà. Mo rò ó pé bóyá òun nìkan ló ń gbé. Mo rò ó pé ó ti ń múra de ọjọ́ náà, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bá a nínú lẹ́tà, pé kí n ní sùúrù títí n ó fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí n sọ ọ́ lójúkojú. Nígbà tí mo ka ohun tí mo kọ, mo ti kọ ọ́ pé inú bàbá mi dùn gidigidi, pé aago mẹ́wàá dára, pé a ó mú bàtà náà wá.

Mo ti lẹ̀ ẹ́. Ó wà níwájú mi níbi ìdarí ọkọ̀. Ẹ kò kọ́ mi ní dùùrù, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ mi ní èyí, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe láìwo ìwé.

N ó lọ. N ó gba ọ̀nà iwájú, afárá mẹ́ta, torí kò sí ẹni tí yóò dúró ṣí fìlà fún àwọn obìnrin ojú fèrèsé mọ́. N ó gbé bàtà yín dání nínú àpò Ìyá mi, n ó sì gbé e sórí àga, kì í ṣe sílẹ̀. N ó bẹ onídùùrù náà kó tẹ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, atòògbé náà pẹ̀lú, n ó sì dúró lọ́wọ́ òsì rẹ̀, n ó máa yí i. Wọ́n sin yín láìsí mi, èmi náà yóò sin yín láìsí wọn. Ṣùgbọ́n kó tó kàn ìyẹn, yóò ti máa wo ẹ̀yìn mi, yóò máa wá ẹ̀yin. N ó ní kó kọ́kọ́ jókòó ná.

Àkókò ti tó láti lọ kó àwọn ọmọ.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó ń yí ìwé fún yín.